Ẹ̀kọ́ Ìtọ́jú Ilẹ̀ fún Ọmọ Jẹ́lé-ó-sinmi ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀

Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilẹ̀ fún ọmọdé ni ọ̀nà ìkọ́ni tó fi ilẹ̀, omi, ewéko, ẹranko àti ojú ọjọ́ ṣe ìwé àkọ́kọ́ tí ọmọ máa kà, kó tó di pé ó mọ A yàtọ̀ sí B. Ọmọ tí à ń sọ kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ: ó ṣì wà ní jẹ́lé-ó-sinmi, tàbí ó ń múra àtiwọ kíláàsì kìíní. Apá méjì ni ẹ̀kọ́ náà ní. Apá kan ni kí ọmọ mọ ohun tó ń hù àti ohun tó ń rìn láyìíká rẹ̀. Apá kejì ni kí ó kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú wọn. Ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, apá kejì ti fo apá kìíní dá. Kò ṣòro láti rí ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó mọ̀ pé kílò ni wọ́n fi ń ra ike òfìfo, tí kò sì lè dárúkọ igi mẹ́ta.

Ilẹ̀ tí ọmọ náà ń tẹ̀

Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ fara kanra, àmọ́ ìjọba ìbílẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan. Àpápá ní tirẹ̀, Ajégúnlẹ̀ sì wà lábẹ́ Ajéròmí-Ìfẹ́lódùn. Boundary ni wọ́n ń pe ààlà àárín wọn, ọjà ńlá kan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn náà sì wà níbẹ̀.

Kí àwọn òyìnbó tó sọ Àpápá di èbúté, àbàtà ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú igi ẹ̀gbà tó ń ta gbòǹgbò sínú omi ọ̀sà. Ìdílé Olóyè Olúwa ló ni ilẹ̀ náà. Nígbà tí ìjọba amúnisìn gbà á, tí ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú di àríyànjiyàn, Olóyè Àmọ́dù Tìjání gbé ẹjọ́ náà títí dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921 ni wọ́n dá a láre. Ìdájọ́ náà gbà pé ilẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, ti ìdílé àti ti ìlú ni, olóyè kàn ń bójú tó o fún wọn ni. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tí a lè fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilẹ̀ ní Àpápá kò ní láti rìn jìnnà ju ìwé ìdájọ́ yẹn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò tíì rí jẹ́lé-ó-sinmi tó ń pa á bí ìtàn fún ọmọ. Owó wọlé, ilẹ̀ lọ. Láàárín 1921 sí 1926 ni wọ́n kọ́ ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ òkun mẹ́rin àkọ́kọ́. Èbúté Tin Can Island dé ní 1977.

Wọ́n fi yanrìn dí àbàtà. Àwọn òyìnbó àti àwọn ọ̀gá iṣẹ́ kọ́lé sí GRA, àdúgbò tí ìjọba yà sọ́tọ̀, wọ́n sì gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ títì. Àwọn tó ń ru ẹrù ní wáàfù, àwọn tó ń tajà fún wọn, àti àwọn tó ń wá iṣẹ́ lọ tẹ̀dó sí Ajégúnlẹ̀, níbi tí ilé ti fara ti ilé, tí yàrá kọjú sí yàrá, tí ọ̀pọ̀ ìdílé jọ ń lo ẹ̀yìnkùlé kan. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ náà ló rí: ní apá kan Boundary, igi wà, ọmọ kò pọ̀, ní apá kejì, ọmọ pọ̀ bí eèrà, igi kò tó nǹkan. Pápá tó ṣẹ́ kù ní Ajégúnlẹ̀, bọ́ọ̀lù ló ni ín. Maracana ni wọ́n ń pe èyí tó lókìkí jù, ibẹ̀ sì ni Odion Ighalo ti gbá bọ́ọ̀lù nígbà èwe. Ilẹ̀ àdúgbò náà rẹlẹ̀. Kànáàlì tó yẹ kó gbé omi lọ sí ọ̀sà ń dí fún ike àti ọ̀rá, bí òjò oṣù kẹfà bá sì rọ̀ dáadáa, omi ń wọ yàrá. Ọmọ ibẹ̀ ti mọ òjò kí olùkọ́ tó dárúkọ rẹ̀ fún un, àmọ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń ba bẹ́ẹ̀dì jẹ́ ló ṣe mọ̀ ọ́n.

Láti oko dé ìgbálẹ̀

Ọmọ Yorùbá àtijọ́ kì í lọ síbì kan láti lọ kọ́ nípa ìṣẹ̀dá. Inú rẹ̀ ló ń jí sí. Ó ń bá ìyá rẹ̀ lọ odò, ó ń lé ẹyẹ lórí àgbàdo, ó mọ ewé eéran tí wọ́n fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ó ń fọwọ́ kan patanmọ́ kó lè rí bó ṣe ń pa ewé dé, ó ń na èékánná sí lékeléke tó ń fò kọjá. Nígbà tí ìyá àgbà bá ń pàlọ́ Ìjàpá, ìjàpá kì í ṣe àwòrán lójú ọmọ náà, ó ti rí i rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà tó jáde ní 1974, ka fífi ojú ara ẹni wo ewéko àti ẹranko mọ́ ohun tí ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ dúró lé. Kí a má bù mọ́ ọn ṣá o: ọmọ yẹn kan náà ló ń fi rọ́bà ta ẹyẹ, tó ń dẹ pàkúté fún òkété, tó sì ń bá wọn kiná bọ igbó. Ìmọ̀ ló ní. Àánú kì í fi gbogbo ìgbà bá ìmọ̀ rìn.

Ilé-ìwé dé, ó mú oko tirẹ̀ wá. Ìgbìmọ̀ Phelps-Stokes láti Amẹ́ríkà yí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ká ní 1920 sí 1921, wọ́n ní kí iṣẹ́ àgbẹ̀ wọ ẹ̀kọ́ ọmọ Áfíríkà. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sínú ìlànà ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ fún àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní 1925. Àwọn òbí fura. Wọ́n ní ọkọ́ wà nílé, wọn kò torí ọkọ́ san owó ilé-ìwé, wọn ò sì fẹ́ kí ọmọ òyìnbó máa kọ́ ìwé òfin nígbà tí ọmọ tiwọn ń kọ ebè. Ìfura náà kò ṣàìnídìí.

Ohun tó wá ba oko ilé-ìwé jẹ́ pátápátá ni ìyà. Ẹni tó pẹ́ dé, koríko ló máa gé. Ẹni tó pariwo, koríko. Ẹni tó sọ èdè abínibí rẹ̀ ní kíláàsì, òun náà, koríko. Tí a bá fi ilẹ̀ jẹ ọmọ níyà fún ọdún mẹ́fà, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu bó bá dàgbà tán tó da kọnkéré sí gbogbo iwájú ilé rẹ̀. Lójú tèmi, kọnkéré tó bo Èkó kò ṣẹ̀yìn ẹ̀kọ́ yẹn.

Ní ìgboro, ìgbálẹ̀ ló gbapò ọkọ́. Àwọn wolé-wolé ayé amúnisìn ń yọjú sí ìkòkò omi àti ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń wá ìdin ẹ̀fọn, wọ́n sì ń fa èèyàn lọ sí kóòtù. Nígbà tó di 1984, ìjọba ológun Buhari àti Ìdíàgbọn gbé WAI dé, ogun tí wọ́n ní àwọn gbé ti ìwà àìníjàánu, ìmọ́tótó àyíká sì di ọ̀kan nínú ẹ̀ka rẹ̀. Ó di àṣà pé bí Sátidé ìgbẹ̀yìn oṣù bá ti dé, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jáde títí aago mẹ́wàá àárọ̀, gọ́tà ni kí oníkálukú máa kó. Ìpínlẹ̀ Èkó fòpin sí àìjáde náà ní oṣù kọkànlá ọdún 2016. Ìran tó dàgbà sínú àṣà yìí ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi òde òní ti wá. Bí o bá ní kí wọ́n kọ́ ọmọ ní ìtọ́jú ilẹ̀, ìgbálẹ̀ ni ọwọ́ wọn á kọ́kọ́ nà sí: fọwọ́ ẹ, gé èékánná, má da ìdọ̀tí sílẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé tó mọ́ tónítóní lè wà láìsí ohun abẹ̀mí kan nínú rẹ̀.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ti gbìyànjú lórí igi. Láti 2008, nígbà ìṣèjọba Babátúndé Fáṣọlá, ni wọ́n ti ya ọjọ́ 14 oṣù keje sọ́tọ̀ fún igi gbígbìn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nílé-ìwé fún ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà, òfin tó dá LASPARK, àjọ tó ń bójú tó ọgbà ìgbafẹ́ ìpínlẹ̀, sílẹ̀ sì jáde ní 2011. Ọjọ́ kan lọ́dún ni ọjọ́ igi, síbẹ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀ ló ṣòro jù: ta ni yóò bomi sí i ní oṣù kejìlá? Ní Lẹ́kì, àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980, ní igbó kan tó fẹ̀ tó 78 hẹ́kítà, tó ti wà fún ìgbafẹ́ àti ẹ̀kọ́ láti 1990. Ọ̀bọ wà níbẹ̀, ọ̀nì wà níbẹ̀, afárá orí igi rẹ̀ gùn ní mítà 401. Ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó bá débẹ̀ kò ní gbàgbé. Àmọ́ ìrìnàjò la Èkó já ni, bọ́ọ̀sì ń gba owó, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé kékeré ò sì lè ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, bí wọ́n bá tilẹ̀ lè ṣe é rárá.

Ike fún owó ilé-ìwé

Ètò tó gbé orúkọ Ajégúnlẹ̀ dé etí ayé lórí ọ̀rọ̀ yìí ni RecyclesPay, iṣẹ́ ẹgbẹ́ African Clean Up Initiative tí Alexander Akhigbe dá sílẹ̀. Morit International School, Ajégúnlẹ̀, wà lára àwọn tó gbà á, ní 2019 sì ni ìròyìn rẹ̀ tàn ká ilé àti òkèèrè. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò lójú pọ̀. Òbí á kó ike omi àti ti ẹlẹ́rìndòdò òfìfo jọ sínú àpò, á gbé e wá sílé-ìwé, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á ṣírò iye rẹ̀, wọ́n á sì yọ ọ́ nínú owó ilé-ìwé ọmọ. Ẹgbẹ́ náà á tà á fún àwọn tó ń sọ ike di ohun tuntun. Nígbà tó fi di 2022, ilé-ìwé aládàáni kéékèèké bí ogójì ní Èkó ló ti wọ irú ètò bẹ́ẹ̀, My Dream Stead tó wà ní Ajégúnlẹ̀ kan náà sì wà nínú wọn. Ṣáájú wọn, láti 2012, ni Wecyclers tí Bilikiss Adébíyì-Abíọ́lá dá sílẹ̀ ti ń fi kẹ̀kẹ́ akẹ́rù gba ike lẹ́nu ọ̀nà àwọn mẹ̀kúnnù, tó sì ń san án fún wọn pẹ̀lú ẹ̀bùn. Ní Assam, ní ilẹ̀ Íńdíà, ilé-ìwé Akshar tí wọ́n ṣí ní 2016 náà ń gba ike lọ́wọ́ ọmọ dípò owó.

Ìdí tó fi mú lọ́wọ́ ní Ajégúnlẹ̀ kò fara sin. Nígbà tí wọ́n ka ilé-ìwé aládàáni ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2010 sí 2011, wọ́n lé ní 12,000, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ni kò ní ìwé àṣẹ. Ilé-ìwé mẹ̀kúnnù lèyí: yàrá mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ilé tí wọ́n háyà, olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò tó nǹkan, òbí tó ń san díẹ̀díẹ̀. Bí gbèsè bá pọ̀ jù, wọ́n á lé ọmọ wálé. Ike ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọmọ jókòó sí kíláàsì wọn. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ni, n kò mọ ètò tó dára jù ú lọ ní àdúgbò náà.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilẹ̀ ni, ó kù síbì kan. Kí ni ọmọ ọdún mẹ́rin tó rí àpò ike lórí òṣùwọ̀n kọ́? Ó kọ́ pé pàǹtí wà nílẹ̀, pé pàǹtí kan sì níye lórí. Èyí tí kò níye lórí ńkọ́? Náílọ́ọ̀nù dúdú àti fóòmù tí wọ́n fi ń di ìrẹsì ṣì wà nínú gọ́tà, torí kò sẹ́ni tó ń rà wọ́n. (Ní oṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba Èkó fòfin de fóòmù náà, òfin ló ṣe é, òṣùwọ̀n kọ́.) LAWMA, àjọ tó ń rí sí pàǹtí ní Èkó, ní pàǹtí tí Èkó ń dà lójúmọ́ lé ní 13,000 tọ́ọ̀nù. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò ṣe ike kan nínú rẹ̀. Ó ní bó ṣe ń rí lára tí ẹni tó kéré jù, tí kò sì lówó, bá jẹ́ ẹni tí a kọ́kọ́ kọ́ pé kó wá tún ayé ṣe. Kò sí ibi tí mo ti kà pé wọ́n gbé àpò ike wá sí jẹ́lé-ó-sinmi àwọn olówó ní Ikòyí gẹ́gẹ́ bí owó ilé-ìwé.

Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ètò náà. Ó ṣe ohun tó sọ pé òun máa ṣe. Aṣìṣe wà lọ́wọ́ àwa tó ń wò ó láti ìta, tí a ń pe ike kíkó ní ìfẹ́ ilẹ̀. Ìfẹ́ kì í wá kí ìmọ̀ tó wá. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti rí ekòló, kó ti rí irúgbìn tó ya, kó ti bínú nítorí ewé tí ewúrẹ́ jẹ, kí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú tó lè wọ̀ ọ́ létí.

Deptford àti Róòmù

Ní ìlú òkèèrè, àwọn ìwé sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹ̀kọ́ yìí láti ọ̀dọ̀ Friedrich Froebel, ará Jámánì tó ṣí ilé fún àwọn ọmọ kéékèèké ní Bad Blankenburg ní 1837, tó sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ààyè tirẹ̀ nínú ọgbà. Ní Denmark ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kó ọmọ lọ sínú igbó láti ọdún 1950 sí ìwájú. Àwọn olùkọ́ kan láti Bridgwater ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ wò ó ní 1993, wọ́n sì gbé e wálé. Ìtàn yìí dára, ṣùgbọ́n kò sí igbó ní Ajégúnlẹ̀.

Èyí tó jọ tiwa jù ni Deptford. Àdúgbò èbúté ni, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó ń ru ẹrù nínú ọkọ̀ ló kún ibẹ̀, ilé há, ikọ́ àti àìsàn egungun ń pa ọmọ lára. Ní 1914, Rachel àti Margaret McMillan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ṣí jẹ́lé-ó-sinmi kan síbẹ̀ tó jẹ́ pé ọgbà ni kíláàsì. Àtíbàbà ni wọ́n kọ́, ẹ̀gbẹ́ kan ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n gbin ẹ̀fọ́, wọ́n gbin òdòdó àti ewé olóòórùn, wọ́n wẹ ọmọ, wọ́n bọ́ wọn, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n sùn nínú afẹ́fẹ́. Rachel kú ní 1917, Margaret ń bá a lọ títí tó fi kú ní 1931. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé mú níbẹ̀ ni pé wọn kò di ẹrù ìdọ̀tí Deptford ru ọmọ. Wọ́n kọ́kọ́ fún un ní ọgbà. 

Maria Montessori náà, àdúgbò òtòṣì ló ti bẹ̀rẹ̀: San Lorenzo ní Róòmù, ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1907. Ní Èkó, orúkọ rẹ̀ wà lára pátákó ilé-ìwé tí ẹnikẹ́ni ò lè kà tán, owó ilé-ìwé tó tẹ̀ lé orúkọ náà sì máa ń ga. Obìnrin náà ní kí ọmọ gbin nǹkan, kó sì tọ́jú ẹran. Nínú ọ̀pọ̀ ilé tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, òdòdó oníke ló wà lórí tábìlì.

Ọgbà inú àpò

Ohun tó ṣeé ṣe ní Ajégúnlẹ̀ kò nílò hẹ́kítà. Yanrìn tí wọ́n fi dí àbàtà kò ní ọ̀rá ilẹ̀, nítorí náà inú àpò ìrẹsì, kẹ́ẹ̀gì tí a gé lẹ́nu tàbí bàsíà tó ti fọ́ ni ọgbà ń wà. A ó lu ìdí rẹ̀ kí omi lè rí ibi gbà. Ilẹ̀ tí a máa bù sí i, kì í ṣe ibi gbogbo là á ti bù ú: ibi tí mẹkáníìkì ń da ọ́ìlì sí àti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ bátìrì mọ́tò léwu, torí òjé inú bátìrì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́. Bàtà ṣe kókó pẹ̀lú, nítorí aràn kan wà tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ ara láti inú ilẹ̀ tí ìgbẹ́ wà. Ọṣẹ àti omi gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Ohun ọ̀gbìn ní ìwà, olùkọ́ sì gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kó tó kó ọmọ jókòó tì í. Ẹ̀wà ló yá jù. Bí a bá gbé e sórí òwú tútù nínú ìgò, láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ọmọ á rí i tó ya, á sì rí i pé gbòǹgbò ló kọ́kọ́ jáde, kì í ṣe ewé. Tẹ̀tẹ̀ yá náà, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ó ti tó já. Ewúro àti gbúre kò nílò irúgbìn. Igi wọn ni a ń gé gbìn. Ewédú ló máa ń dójú ti olùkọ́ tí kò bá bi àwọn ìyá ọlọ́jà: irúgbìn rẹ̀ le lára, bí a kò bá kọ́kọ́ rì í bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò sùn sílẹ̀ lọ, ọmọ á sì máa wo ilẹ̀ títí tí yóò fi sú u. Ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Boundary mọ èyí ju ìwé lọ. Ó sì yẹ kí ilé-ìwé pè é wá, kó jókòó sí àga olùkọ́ fún àárọ̀ kan.

Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìdí ẹ̀fọ́ ń di ilẹ̀ dúdú tí a bá fi ewé gbígbẹ bò ó nínú garawa tó ní ihò. Nǹkan bí ìdajì pàǹtí Èkó ló jẹ́ irú ohun tó ń jẹrà bẹ́ẹ̀. Ibí ni ẹ̀kọ́ pàǹtí ti dára ju ti ike lọ fún ọmọ kékeré, nítorí ó lè fojú ara rẹ̀ rí ohun tí èèpo dà. Ike kì í dà nǹkan kan lójú ẹ̀.

Àwọn ẹran tó wà ní Ajégúnlẹ̀, wọ́n wà níbẹ̀ láìgba àṣẹ. Alángbá wà lára ògiri. Kí ọmọ ka iye ìgbà tó mi orí kó tó sá, dípò kó sọ òkò lù ú. Àwòdì ń yípo lókè. Àdán ń wá jẹ èso fúrùtù lóru, ó ń já kóró rẹ̀ sílẹ̀ jìnnà sí ìdí igi, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí fúrùtù fi ń hù níbi tẹ́nì kan ò gbìn ín sí. Ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi òkúta fọ́ kóró fúrùtù jẹ ti wà nínú ẹ̀kọ́ yìí kó tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó dára jù ní Ajégúnlẹ̀ ni ẹ̀fọn. Bu omi òjò sínú ìgò ike kan tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀, gbé e síta lálẹ́ bíi mélòó kan títí ìdin á fi yọ, kí o sì fi aṣọ àpò ẹ̀fọn di ẹnu rẹ̀ pinpin. Ọmọ á rí ìdin tó ń ṣe kóńkó sókè sódò, á rí i bó ṣe ń gbé ìdí sókè láti mí, á rí i nígbà tó ká bí àmì ìdánudúró díẹ̀, àti ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ̀fọn tó lápá á wà lábẹ́ aṣọ náà. Kò sí ìwàásù wolé-wolé tó lè ṣe èyí. Ọmọ tó rí i á padà sílé, á sì da omi inú gbogbo agolo tó wà lẹ́yìnkùlé nù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Èdè wo?

Ní 1970, Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St Stephen's A, Modákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́, àfi Gẹ̀ẹ́sì, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú ohunkóhun, títí kan Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní 2022, wọ́n sì pa á tì ní 2025.

Ajégúnlẹ̀ kì í ṣe Modákẹ́kẹ́. Yorùbá wà níbẹ̀, Ìlàjẹ wà, Ìgbò, Ìjọ̀, Ùròbò, Ẹ̀dó àti Haúsá wà, Píjìn ló sì so wọ́n pọ̀. Olùkọ́ tó bá ní èdè kan ṣoṣo ni òun máa fi kọ́ ọmọ nípa ewé á fi ìdajì kíláàsì sílẹ̀. Ọ̀nà kan tó rọrùn wà: fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ewé ewúro kan, ní kó gbé e lọ bá ìyá rẹ̀, kó bi í bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn àti ohun tí wọ́n fi ń ṣe. Lọ́jọ́ kejì, onugbu á dé láti ilé Ìgbò, shuwaka láti ilé Haúsá, oriwo láti ilé Ẹ̀dó, pẹ̀lú ọbẹ̀ mẹ́rin lórí ewé kan ṣoṣo. Àwọn ìyá náà á ti di olùkọ́ láìkúrò nídìí iná wọn.

Ohun tí ọgbà kò lè ṣe

Gbogbo èyí wà lábẹ́ afẹ́fẹ́ Àpápá. Ìwádìí tí Báńkì Àgbáyé ṣe fún Èkó ṣírò pé ní 2018, èèyàn bí 11,200 ni afẹ́fẹ́ tó bàjẹ́ pa ṣáájú àkókò, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn, nǹkan bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ọkọ̀, iléeṣẹ́ àti jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n dárúkọ, Àpápá sì ní gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún ọdún púpọ̀, tírélà àti táńkà tò sí ojú ọ̀nà wáàfù lọ́sàn-án lóru, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2021 ni àwọn aláṣẹ èbúté bẹ̀rẹ̀ Ètò, ìlànà orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń pe ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan nígbà tí àkókò rẹ̀ bá tó. Ó dín ìlà náà kù, kò pa á rẹ́.

Olùkọ́ tó bá kó ọmọ jáde ní Àpápá gbọ́dọ̀ wo èéfín bó ṣe ń wo òjò. Ẹ̀yìn ilé dára ju iwájú títì lọ, ibi tí igi wà sì dára ju ibi tí oòrùn ti ń ta sí bítúmẹ́ẹ̀nì. Ọjọ́ tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá kọjú sí ọgbà, inú ilé ni ẹ̀kọ́ yóò wà. Ẹni tó bá sọ pé kí ọmọ máa gbin igi láti fi fa èéfín táńkà ti gbé iṣẹ́ àwọn aláṣẹ èbúté, ti ìjọba àti ti àwọn tó ni ọkọ̀ lé ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lórí. Iṣẹ́ ọmọ náà ni kó mọ ẹ̀wà, alángbá àti ẹ̀fọn.